Ìràwọ̀ Kan Ṣoṣo fún Ìwé Àbúrò

Ìró òòlù ni. Kì í ṣe òòlù alágbẹ̀dẹ tí ń dún bí ẹni tó ń bá ayé jà. Òòlù adìwé ni, tí wọ́n fi awọ wé lórí, tí ń dún pọ̀, pọ̀, pọ̀, bí ẹni ń fọwọ́ gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Ọwọ́ bàbá wọn ni òòlù náà máa ń wà láàárọ̀, nínú yàrá iwájú, níbi tí òórùn góòmù ti ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Bàbá á gbé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sórí tábìlì, á máa fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn ọ̀hún á fi ga sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá. Lórí ẹní tó wà ní yàrá kejì, àwọn ọmọ mẹ́ta á ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Àkọ́bí nínú àwọn mẹ́ta náà ni Ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Ó ti darúgbó báyìí. Ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí yóò hù sí, ó sì ṣe iṣẹ́ gíláàsì ojú lókèèrè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ni í bá wọn gé e, òun ni í bá wọn dán an, tí ẹni tí kò rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á fi padà máa rí eṣinṣin lára ògiri. Àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan kan wà níwájú òun fúnra rẹ̀ tí kò fẹ́ wò.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ̀wé.

Kékeré ni wọ́n ń pe àbúrò náà. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn, ó sì ti di ìyá àgbà, orúkọ náà ni kò gbà kó dàgbà. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ ìtàn ọkùnrin adìwé kan àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó wà lórí àtẹ, ó wà lórí ayélujára. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò rìn. Kékeré wá fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú ohùn náà, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé ẹ ti rí ìwé yẹn rà? Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní kò tà. Mo ti kọ ìkejì dé ìdajì, mo wá gbé e sílẹ̀, mò ń wò ó bí ẹni ń wo aṣọ tí kò mọ̀ bóyá òun lè wọ̀ ọ́ jáde. Ẹ ka èyí tó ti jáde fún mi. Bí ẹ bá ní kí n máa kọ ìkejì lọ, màá kọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, màá kó bébà mi sínú àpótí, kò sì ní sí ìjà. Mo bi Ojú Àwòdì, ó ní ohun tí òun ní í sọ, òun ti sọ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò lè yin oòrùn pé ó ràn.”

Ojú Àwòdì ni ọmọ àárín wọn, obìnrin tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbé ìyàwó tuntun kọjá níwájú rẹ̀, okùn bàtà tó tú ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀gbọ́n fèsì pé òun ń bọ̀ wá kà á. Láti ìgbà náà ló ti ń bọ̀, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń ti inú balùwẹ̀ dáhùn. Kò tíì rà á. Ìràwọ̀ ló fà á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, nọ́ọ̀sì ni, òun ló kọ́ ọ ní ìràwọ̀ kíkà. Ọmọ yìí kì í ra abẹ́rẹ́ láìkọ́kọ́ wo ohun tí àwọn tó ti rà á kọ sábẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára. Lọ́jọ́ tó ra ìrọ̀rí tuntun fún bàbá rẹ̀, ohun tó sọ nígbà tó ń gbé e lé bẹ́ẹ̀dì ni pé, “Ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ ni o, Dádì. Oorun yín ti dáa nìyẹn.” Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wá ní kó bá òun ra ìwé àbúrò òun, ó ṣí fóònù, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Dádì, ìràwọ̀ méjì ni wọ́n fún un.”

“Nínú mélòó?”

“Nínú márùn-ún.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Àwọn òǹkàwé.”

“Wọ́n ti ṣe ìdánwò tiwọn ná, kí wọ́n tó máa máàkì ti ẹlòmíì?”

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́ pé ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn wọ̀nyí ló ti jìn. Àwa kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ni.”

“Ìwé àǹtí rẹ lo ń pè ní kòtò?”

“Èmi kọ́ o! Màá rà á tí ẹ bá ní kí n rà á, torí tiwa ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ó dùn ńkọ́? Kí lẹ máa sọ?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n lè parọ́ nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó lè parọ́ pé òun ti jẹun. Ṣùgbọ́n wọn kì í parọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ nílé tí wọ́n ti bí i. Bí ìwé náà kò bá dára, dandan ni kó sọ ọ́, bó bá sì ti sọ ọ́, ọwọ́ òun ni yóò fi pa ìkejì. Bí kò bá rà á, kò kà á. Bí kò bá kà á, kò ní láti sọ òótọ́ kankan. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ti gíláàsì sókè imú, ó ní kí òun ṣáà wo ohun tí wọ́n kọ.

Èyí tó wà lókè pátápátá ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ àtàǹpàkò sí i pé ó ran àwọn lọ́wọ́. Òǹkàwé ni ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀.

“Mo ka ìwé yìí láti páálí dé páálí. Àbùkù rẹ̀ rèé: ọkùnrin adìwé inú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí kẹta ló yẹ kó ti rẹ́rìn-ín, mo wá a títí, kò sí níbẹ̀. Ìwé tó fi ẹkún èèyàn hàn wá tó wá gbé ẹ̀rín rẹ̀ pamọ́, ìdajì ló kọ. Ẹni tó kọ ọ́ lè ṣe jù báyìí lọ, kò sì ní àwáwí.”

Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlòmíì ti tò tẹ̀ lé e. Ọ̀kan ní, “Òǹkàwé ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.” Òmíràn ní, “Mi ò tíì kà á, ẹ sì ti gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ṣeun.” Ẹyẹ kan ṣoṣo ló ké, gbogbo igbó dáhùn.

Inú kọ́kọ́ bí Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ó tún un kà, ìbínú náà sì rọra fún nǹkan mìíràn láyè.

“Ọmọ mi, ẹni tí oúnjẹ ò dùn mọ́ lẹ́nu, ṣé ó máa ń lá abọ́?”

“Rárá.”

“Ẹni yìí lá abọ́.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tí kò fẹ́ ra ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń rà á. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun fún un ló kọ́kọ́ bi.

“Èmi?” ni onígbàjámọ̀ wí, ó gbé abẹ dúró lókè etí rẹ̀. “Èyí tó burú nìkan ni mo máa ń kà, Bàbá. Ẹni tó ń yin nǹkan, ó lè jẹ́ pé ará ilé olóhun ni. Àmọ́ ẹni tó ń bú u, kí ló fẹ́ rí jẹ níbẹ̀? Ẹ má mi orí o.”

Ọ̀rọ̀ náà ní làákàyè nínú. Ẹ̀gbọ́n gbé e dání bó ṣe ń lọ sí ilé ìtàwé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, yàrá gígùn tóóró kan bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìwé kún ọ̀tún tó kún òsì. Atàwé ibẹ̀, ọkùnrin onísùúrù kan tí kì í bínú bí èèyàn bá kàwé lóòró láìrà á, ló nawọ́ ìwé Kékeré sí i nígbà tó béèrè rẹ̀. Ó ní ẹyọ rẹ̀ díẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n kò ṣí i. Ọmọ adìwé ni. Ẹ̀yìn ìwé náà ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Góòmù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọn ò rán an. Ó mí kanlẹ̀, ó dá a padà sórí àtẹ, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin kan tó gbé àpò iṣẹ́ kọ́ èjìká dé ibẹ̀, ó mú ìwé kan náà, ó ṣí i. Ó ka ojú ewé kìíní. Ó ṣí èkejì, ó bú sẹ́rìn-ín kékeré kan, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ṣí ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ó yọ fóònù. Ó wo fóònù, ó wo ìwé, ó tún wo fóònù. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú bí iná tí wọ́n pa. Ó dá ìwé padà, ó mú òmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣí ìyẹn.

Ara Ẹ̀gbọ́n kò gbà á.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má bínú o. Mo rí i pé ẹ rẹ́rìn-ín.”

“Èmi? Níbo?”

“Níbi ìwé tí ẹ dá padà yẹn. Ojú ewé kejì.”

“Áà! Lóòótọ́ ni, ó pa mí lẹ́rìn-ín.”

“Kí ló wá dé?”

“Ìràwọ̀ rẹ̀ ò dáa, Bàbá. Wọ́n bú u gan-an.”

“Ẹ̀rín tiyín wá ńkọ́? Ṣé kò sí lára ìràwọ̀ ni?”

Obìnrin náà ronú sí i lóòótọ́, kò fi àgbàlagbà ṣeré. “Bóyá èmi ni mi ò mọ ohun tó dáa. Èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ò lè jọ ṣì í.” Ó wá yí ìbéèrè náà padà. “Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti kà á?”

“Rárá o.”

“Ẹ ẹ̀ wá rí i!” Ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde.

“Bàbá, ẹ fẹ́ lé oníbàárà mi dànù,” ni Atàwé wí, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín. “Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Wọ́n á fi ojú ara wọn kà á, wọ́n á fi ojú ẹlòmíì pinnu.”

Ojú ti Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ojú fún ojú, òun gan-an kò tilẹ̀ ṣí ìwé náà kí ó tó gba ohun tí wọ́n sọ. Obìnrin yẹn sàn jù ú lọ. Ojú ewé mẹ́ta ló kà. Ó mú ìwé, ó sanwó, ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ó sì ṣí orí kẹta, torí ibẹ̀ ni Òǹkàwé ní ẹ̀rín ti sọnù.

Nínú orí kẹta, ọkùnrin adìwé náà parí iṣẹ́ kan, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ìwé náà. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á wá àbùkù rẹ̀, àbùkù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì rí, wọ́n á fi pẹ́ńsù fa àmì kan sínú páálí ẹ̀yìn. Èyí tí àmì rẹ̀ bá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, bàbá á tú u palẹ̀, á tún un rán. Èyí tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, ìyẹn ló dára jù, á jáde lọ bá olówó rẹ̀. Kò sí èyí tí kì í ní ẹyọ kan. Bàbá ní iṣẹ́ tí wọn ò bá rí àbùkù kankan lára rẹ̀, ẹni tó wò ó ló fọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é nílé bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ti gbàgbé. Ó ń kà á lọ, ó dé òwúrọ̀ ọjọ́ tí àkọ́bí adìwé náà gbé àpótí rẹ̀ jáde nílé, tí bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè lórí iṣẹ́, tí ilẹ̀kùn sì padé. Orí kẹta parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ gíláàsì, ó nu ún, bẹ́ẹ̀ gíláàsì kọ́ ló dọ̀tí.

Nígbà tó dá a padà sójú, àmì pẹ́ńsù yẹn ni ọkàn rẹ̀ padà sí. Ẹyọ kan ṣoṣo. Ó dá ọwọ́ dúró lórí ìwé. Ta ló kù láyé tó lè mọ̀ pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín?

Ó bọ́ sí ìta, ó pe ọmọ àárín wọn.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Ojú Àwòdì, ṣé ìwọ lo ń jẹ́ Òǹkàwé?”

“Èmi ni! Kí ni kí n tún máa jẹ́, ṣé mi ò kà á ni? Ẹ rí ohun tí mo kọ? Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ o, ẹnikẹ́ni ò bá mi tẹ̀ ẹ́.”

“Mo rí i. Ìràwọ̀ mélòó lo fún un?”

“Ọ̀kan péré!” Ohùn rẹ̀ ga, ó kún fún ìgbéraga. “Ẹ mọ̀ mí, mo wá a dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. N ò rí ìkejì tí mo lè fi kún un, mi ò sì lè rẹ́ ọmọ náà jẹ. Ṣé ẹ rí bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ àtàǹpàkò? Wọ́n mà fẹ́ràn ìwé yẹn o!”

“Ọmọ ìyá mi, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí, márùn-ún ló dára jù. Ọ̀kan ló burú jù.”

Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn sínú nǹkan lọ́hùn-ún.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣeré.”

“N ò fi ọ́ ṣeré.”

“Àbùkù márùn-ún ni wọ́n wá ń… Ta ló kọ́ wọn nírú ìwà yẹn?” Omi náà dá. “Yéè! Mo ti ta ọmọ ìyá mi lọ́pọ̀! Bẹ́ẹ̀ wọ́n ní béèyàn bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ọmọ tí mo gbé pọ̀n! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín ni?”

Ẹ̀rín ló ń rín. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Gbogbo ayé ń sá fún ìwé kan nítorí àmì tó ga jù lọ tí ilé bàbá wọn lè fún iṣẹ́. Kò pẹ́ tí Ojú Àwòdì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín in, ó ń rín, ó ń bú u pé ó ń rín.

“Màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́,” ló wí nígbà tó rí èémí mí. “Lónìí yìí.”

“Yí ìràwọ̀ padà. Má pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́?”

“Òótọ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ni ẹ ò sí níbẹ̀.”

“Níbo?”

“Nílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ lọ.”

Ẹ̀gbọ́n fara ti ògiri. “Bàbá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo lọ?”

“Títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kékeré ló pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ má bi mí, n ò mọ nǹkan sọ, màá kàn bà á jẹ́ ni. Òun ló mọ̀ ọ́n kọ.”

Ó ti pa fóònù kí Ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tó yin èèyàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìràwọ̀ kan di márùn-ún, ọ̀rọ̀ líle abẹ́ rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà. Ó da orí àwọn èèyàn rú. Ẹnì kan kọ síbẹ̀ pé, “Ìràwọ̀ márùn-ún pẹ̀lú irú ìbáwí báyìí? Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí.” Ọmọ Ẹ̀gbọ́n ka ìyẹn sí i létí, ó ní bí ẹ bá kà á tán, Dádì, kí ẹ gbé e fún mi. Bóyá ìwé náà yóò rìn nítorí ìyẹn, kò sí ẹni tó mọ̀. Ojú Àwòdì ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Kékeré, Kékeré sì ti rẹ́rìn-ín, ó ti dárí jì í. Síbẹ̀ ó tún fi ohùn ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Kò gùn. “Mo ti gbọ́ ti ẹnì kejì. Tiyín ni mò ń retí.”

Ẹ̀gbọ́n ka ìwé náà tán lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Àwọn ibì kan wà tó falẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíì, àwọn ibì kan sì wà tó fi ń dìde kúrò lórí àga, tó ń rìn yí ká yàrá, kó tó lè padà wá jókòó. Ó gbé fóònù. Ó kọ “Ó dára gan-an”, ó pa á rẹ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ó kọ “Má dáwọ́ dúró”, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó jọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń sá eré ìje. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun fẹ́ gan-an lọ́wọ́ ìwé yìí. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

“Kékeré, mo ti ka ìwé rẹ tán. Orí kejì falẹ̀, mo sùn lé e lórí. Orí kẹta kò jẹ́ kí n jẹ oúnjẹ ọ̀sán. O dá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ tèmi ti àpótí mi, o sì pa ilẹ̀kùn dé. Láti ọjọ́ tí mo ti jáde ni mo ti ń fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn mi, n kò rí ẹni tí mo lè bi. Ojú Àwòdì ní Bàbá rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ìwọ lo pa á lẹ́rìn-ín. Kí lo ṣe? Kí lo sọ? Má sọ ọ́ fún mi lórí fóònù o. Kọ ọ́ sínú ìkejì. Mò ń dúró dè ọ́.”